Ẹṣin Tó Ń Tú Àpò Àlejò

Ẹṣin kẹta ṣubú ní àárín pápá láìsí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀, kò sì dìde mọ́. Kí Dókítà tó dé pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, eṣinṣin ti bo ojú ẹran náà, àwọn òṣìṣẹ́ oko sì ti gbẹ́ ihò tí wọn yóò sin ín sí dé orúnkún.

"Ẹ dáwọ́ dúró!" ni ó wí, kò tíì kí ẹnikẹ́ni tán. "Ẹlẹ́rìí mi lẹ fẹ́ bò mọ́lẹ̀ yẹn."

Wọ́n ju ṣọ́bìrì sílẹ̀. Obìnrin kúkurú ni Dókítà, bàtà rọ́bà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún, ṣùgbọ́n bó bá sọ̀rọ̀, àwọn ọkùnrin gìrìwò a máa dúró gbọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé abẹ́rẹ́ ni gbogbo dókítà ẹran máa ń gún kiri. Tirẹ̀ kọ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti tọ ipasẹ̀ àìsàn padà sí ibi tó ti wá: ta ló kọ́kọ́ ṣe, kí ló jẹ, ibo ló sùn, ta ni kò sì ṣe rárá. Nítorí ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi sọ ọ́ ní Ta-ló-kọ́kọ́. Ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀ máa ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé ọmọ òun ń ṣe ọlọ́pàá fún màlúù. Dókítà kì í bá a jiyàn, torí ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn.

Ọlọ́pàá gidi ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Sájẹ́ǹtì ni, ọkùnrin oníkùn ńlá tí kì í fẹ́ kí iṣẹ́ ọ̀sán di iṣẹ́ alẹ́. Ó dúró sábẹ́ igi, ó ń fi fìlà fẹ́ ara rẹ̀.

"Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Kí n má fi àkókò yín ṣòfò, ọwọ́ wa ti tẹ ẹni tó ṣe é. Fẹ̀sọ̀ ni, ẹni tó ń tọ́jú àwọn ẹṣin náà. Àtìmọ́lé ló sùn. Ọ̀rọ̀ ẹnu yín nìkan ni mo ń dúró dè, kí n tó gbé e lọ sílé ẹjọ́ ní ọ̀sán yìí."

"Àtìmọ́lé ló sùn?" Dókítà wo òkú ẹṣin náà. "Èyí sì ṣubú láàárọ̀ yìí?"

"Oró tó ti fún un tẹ́lẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lọ nínú rẹ̀."

"Ó ṣeé ṣe. Kí lẹ rí tẹ́ ẹ fi mú un?"

Sájẹ́ǹtì ti ń retí ìbéèrè yìí. Ó ní àwọn bá oògùn eku lábẹ́ ibùsùn Fẹ̀sọ̀. Ó ní Fẹ̀sọ̀ àti Baba Ọlọ́sìn tó ni oko ti jà, torí Baba fẹ́ ta ẹṣin kan tí wọ́n ń pè ní Abúnijẹ, Fẹ̀sọ̀ sì ké mọ́ Baba lójú gbogbo òṣìṣẹ́ pé, "Ẹ ó rí i!" Èyí tó wá bu iyọ̀ sí i ni pé ẹṣin márùn-ún ló wà lóko. Mẹ́ta ti kú, ìkẹrin ń ṣàìsàn, ẹyọ kan ṣoṣo tí ara rẹ̀ le koko ni Abúnijẹ yẹn.

"Ẹṣin tó fẹ́ràn nìkan ló kù," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Kí lẹ tún ń wá?"

Dókítà wọ ìbọ̀wọ́. "Mò ń wá ohun tó pa wọ́n ni. Ẹ ti rí ẹni tí ẹ fẹ́ mú, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì rí ohun tó ṣe."

Ó la ẹran náà. Sájẹ́ǹtì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní eruku bọ́ sí òun lójú. Dókítà wo inú, ó wo ìfun, ó wo ẹ̀dọ̀, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó gbé ọkàn ẹṣin náà jáde, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Ẹran ọkàn tó yẹ kó pọ́n dẹ̀dẹ̀ ti ní ilà funfun bálabàla.

"Sájẹ́ǹtì, ẹ yọ oògùn eku kúrò nínú ẹjọ́ yín."

"Kí ló dé?"

"Irú oògùn eku tí wọ́n ń tà lọ́jà níbí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Tó bá jẹ́ òun ni, ẹ̀jẹ̀ ì bá kún inú ẹran yìí. Inú rẹ̀ mọ́. Ọkàn rẹ̀ ni nǹkan bà jẹ́. Eku ni Fẹ̀sọ̀ ra oògùn eku fún, bí èmi pẹ̀lú ṣe rà á."

Sájẹ́ǹtì fi fìlà rẹ̀ dé orí. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ ọn.

* * *

Ilé ẹṣin náà mọ́ ju ilé ènìyàn mìíràn lọ. Fẹ̀sọ̀ ti gbálẹ̀ kí wọ́n tó wá mú un, àwọn ìjánu sì wà lára ìṣó lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dán. Baba Ọlọ́sìn dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú kóòtù àtijọ́ kan tó wọ́ dé ìsàlẹ̀ orúnkún rẹ̀. Àgbàlagbà gíga ni. Màlúù ló ti ń sìn láti kékeré, ọjọ́ ogbó rẹ̀ ló tó ra ẹṣin, ó sì fẹ́ràn wọn bí ẹni bímọ lọ́jọ́ alẹ́. Ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún.

"Dókítà ọmọ mi," ni ó wí, "mo gbà á sílé, mo fún un níyàrá, mo fún un lóúnjẹ. Kí ni mo fi ṣe é?"

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Baba. Kí ni àwọn ẹṣin yín ń jẹ?"

"Koríko, àti èèrí àgbàdo tó wà nínú àpò ńlá yẹn. Fẹ̀sọ̀ ló ń fún wọn. Kò sí ẹlòmíràn."

"Gbogbo wọn ló ń jẹ nínú àpò kan náà?"

"Gbogbo wọn."

"Abúnijẹ náà?"

"Òun ló ń jẹ jù!" Ìbínú gbé Baba. "Alájẹkì burúkú."

Dókítà bu díẹ̀ nínú èèrí náà, ó fi rán òṣìṣẹ́ kan sí ilé àyẹ̀wò lórí alùpùpù. Ó wo omi. Odò kan náà ni wọ́n ti ń pọn ọ́n fún ẹṣin àti màlúù, bẹ́ẹ̀ màlúù Baba wà níwájú ilé, ara wọn ń dán, wọ́n ń jẹ̀ láìṣàárẹ̀. Ó fi ohun èlò ìwọ̀n-ooru wọn ara ẹṣin tó ń ṣàìsàn: kò gbóná. Kì í ṣe ibà, kì í ṣe àrùn tí ẹ̀fọn ń gbé kiri. Ó ń yọ wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́kàn rẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i. Bí ilẹ̀kùn bá ti ń tì báyìí, ó mọ̀ pé èyí tó ṣí kò jìnnà mọ́.

Adúmáadán ni orúkọ ẹṣin tó ń ṣàìsàn. Ó dúró gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n, òógùn bò ó láìsáré. Síbẹ̀, nígbà tí Dókítà sún mọ́ ọn láti gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, ó na ọrùn, ó ti imú bọ àpò kóòtù funfun Dókítà. Ó tú àpò ọ̀tún. Ó tú àpò òsì.

"Kò sí nǹkankan níbẹ̀, olè," ni Dókítà wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Báírò nìkan ni."

Ẹṣin náà kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó kọjú sí àpò ṣòkòtò Sájẹ́ǹtì.

"Ẹ gbà mí o!" ni Sájẹ́ǹtì ké. Ó sá sẹ́yìn, ó sì fi ẹ̀yìn kan ilẹ̀kùn Abúnijẹ. Bí eyín ṣe pa pọ̀ káú báyìí, etí aṣọ Sájẹ́ǹtì ti ya.

Dókítà sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ́ kí Adúmáadán rìn jìnnà, kí wọ́n má sì fún un ní ohunkóhun àfi koríko àti omi. Lẹ́yìn náà ni ó lọ síwájú Abúnijẹ, ó dúró sí ibi tí eyín kò lè dé, ó sì fi etí àpò rẹ̀ hàn án. Ẹṣin náà kò tilẹ̀ wò ó. Ojú Dókítà ló ń wò, ó fẹ́ mọ ibi tí yóò ti gé e jẹ.

"Ẹ jẹ́ ká lọ sí àgọ́ yín, Sájẹ́ǹtì," ni Dókítà wí. "Mo fẹ́ rí ṣòkòtò Fẹ̀sọ̀."

"Ṣòkòtò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

* * *

Ẹ̀gbọ́n Fẹ̀sọ̀ obìnrin ló wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá. Ó gbé aṣọ tó ti lọ̀ sórí itan, èyí tí àbúrò rẹ̀ yóò wọ̀ lọ sílé ẹjọ́. Bó ṣe rí kóòtù funfun, ó dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ṣé ẹ̀yin ni dókítà ẹran náà? Ẹ bá mi sọ fún wọn. Àbúrò mi yìí, tí ẹyẹ bá já bọ́ látinú ìtẹ́, á fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Tí wọ́n bá fi lè gbé e lọ sílé ẹjọ́ lónìí, ta ló tún máa gbà á síṣẹ́ láyé? Ta ló máa fi ẹran rẹ̀ lé apani-lẹ́ran lọ́wọ́?"

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n," ni Dókítà wí. "Ẹ má tíì jẹ́ kó wọ aṣọ yẹn."

Wọ́n mú Fẹ̀sọ̀ jáde. Ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Fẹ̀sọ̀, fẹ̀sọ̀" tó máa ń wí létí ẹṣin ni wọ́n sọ di orúkọ rẹ̀. Dókítà kò fún un láyè àtimí.

"Ta ló kọ́kọ́ ṣe?"

"Ìjì ni, Mà. Orí rẹ̀ ni mo wà. A ò tíì sáré rárá, ó kàn dà bíi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ gbàgbé ilẹ̀."

"Kí lo rí lára wọn kó tó di pé wọ́n ṣubú?"

"Wọn ò jẹun dáadáa mọ́. Wọ́n á dúró sójú kan, òógùn á máa bò wọ́n."

"Abúnijẹ ńkọ́?"

"Kò ṣe é rárá."

"O sọ fún Baba pé wọn ó rí i. Kí ni wọn ó rí?"

Fẹ̀sọ̀ wolẹ̀. "Pé ẹṣin yẹn á wúlò, Mà. Pé tí wọ́n bá fún mi láyè, màá tù ú lójú, kò ní gé ènìyàn jẹ mọ́. Inú ló bí mi, mi ò lè sọ ọ́ tán."

"Dìde dúró. Yí ara rẹ po."

Sájẹ́ǹtì wo Dókítà bí ẹni pé oòrùn ti mú un. Fẹ̀sọ̀ yí po.

"Àpò rẹ dà?"

"Kò lápò, Mà. Èyí tó kù nílé náà, àpò rẹ̀ ti ya tipẹ́."

"Ṣé o máa ń fi ọwọ́ fún ẹṣin ní nǹkan jẹ?"

"Ká má rí i! Inú ibùjẹ ni mò ń dà á sí. Tí a bá ń fi ọwọ́ bọ́ ẹṣin, á máa ti ẹnu bọ ara ènìyàn kiri ni. Gbogbo òṣìṣẹ́ ni mo ti kì nílọ̀."

"Ta ló wá kọ́ Adúmáadán láti máa tú àpò?"

Fẹ̀sọ̀ la ẹnu, ó pa á dé. Ẹ̀rù tó hàn lójú rẹ̀ kì í ṣe ti ara rẹ̀. "Mi ò mọ̀, Mà," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Láàárọ̀, odò ni mo máa ń wà, mo máa ń lọ pọnmi. Mi ò mọ ẹni tó ń wọlé lẹ́yìn mi."

Ó mọ̀. Dókítà rí i pé ó mọ̀, kò sì fi agbára fà á lẹ́nu, torí ó hàn gbangba pé àgbàlagbà tó ń bọ̀wọ̀ fún ni kò fẹ́ dárúkọ.

* * *

Fóònù Dókítà dún bí wọ́n ṣe ń padà sí oko nínú ọkọ̀ Sájẹ́ǹtì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ilé àyẹ̀wò ni.

"Ta-ló-kọ́kọ́, èèrí tí o fi ránṣẹ́ mọ́ o. Kò sí oró kankan nínú rẹ̀."

"O ṣé. Màá fi nǹkan mìíràn ránṣẹ́ láìpẹ́. Má tíì lọ sílé."

Sájẹ́ǹtì ti gbọ́. Ayọ̀ padà sójú rẹ̀. "Oúnjẹ mọ́, omi mọ́. Ẹ jẹ́ n yí ọkọ̀ padà, Dókítà. Adájọ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni."

"Ẹ máa wà á lọ. Ọ̀rọ̀ yín náà ló mú mi ronú. Ẹ ní Abúnijẹ nìkan ni Fẹ̀sọ̀ fẹ́ràn, ìdí nìyẹn tó fi kù. Èmi ní, ẹ yí i padà. Kí ni gbogbo ẹṣin yòókù ní tí Abúnijẹ kò ní?"

Sájẹ́ǹtì ronú, ó sì fọwọ́ kan etí aṣọ rẹ̀ tó ya. "Sùúrù ni."

Dókítà fi ẹ̀rín ta á lọ́rẹ. "Ẹ rí i? Ẹ ti ń di dókítà ẹran. Wọ́n ní sùúrù, ènìyàn lè sún mọ́ wọn. Ẹni tó ń pa wọ́n ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ wọn, ó sì ń ṣe é dáadáa débi pé ẹṣin tó ń kú lọ ṣì ń wá àpò rẹ̀ kiri. Ọ̀tá kì í ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí wọ́n dé oko, kò lọ sí ilé ẹṣin. Ọ̀dọ̀ Baba ló lọ tààrà.

"Baba, ẹ fi màlúù yín hàn mí. Ara wọn mà ń dán o."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọjọ́ náà, ojú Baba là díẹ̀. "Àbí o rí i? Oúnjẹ tuntun ni. Láìpẹ́ yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rà á." Ó mú wọn lọ sí ilé ìkóúnjẹsí màlúù, ó ṣí àgbá kan. Hóró kéékèèké aláwọ̀ ilẹ̀ ló kún inú rẹ̀, òórùn rẹ̀ dùn bí omi ìrèké. "Wọ́n ti po oògùn mọ́ ọn. Ó ń bá màlúù da oúnjẹ, kì í jẹ́ kí inú wọn wú. Kì í ṣe jíjẹ lásán o! Abọ́ kékeré kan ni à ń pò mọ́ òkìtì èèrí kí wọ́n tó jẹ ẹ́."

"Ògidì rẹ̀ ni èyí, nígbà náà."

"Ògidì ni."

Dókítà bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó sì dà á sínú ọ̀rá. Ohùn rẹ̀ rọ̀ nígbà tó tún sọ̀rọ̀. "Baba, ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà nínú àpò kóòtù yín?"

Baba kò fura rárá. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó sì ya ọwọ́ níwájú wọn. Hóró aláwọ̀ ilẹ̀ kún àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Àdídùn àwọn ọmọ mi ni," ni ó wí. "Láràárọ̀ ni mo máa ń fún wọn. Ohun tó dára jù lóko yìí, ṣé màlúù nìkan ló yẹ kó máa jẹ ẹ́?"

Sájẹ́ǹtì mí kanlẹ̀. Dókítà di ẹnu ọ̀rá náà. Èyí ni apá tí kò fẹ́ràn nínú iṣẹ́ rẹ̀, kò sì mọ ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ ọ́ tí kò ní dun ènìyàn.

"Baba, ara màlúù gba oògùn yìí. Ara ẹṣin kò gbà á. Ó máa ń jẹ ọkàn wọn ni, díẹ̀díẹ̀, títí ọkàn náà á fi dáṣẹ́ sílẹ̀. Màá fi èyí ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò kí wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti rí ọkàn ẹṣin yín, ó dá mi lójú."

"Rárá," ni Baba wí. "O bi mí léèrè ohun tí wọ́n ń jẹ, mo sọ fún ọ."

"Òótọ́ lẹ sọ. Ìbéèrè mi ni kò pé. Ohun tí wọ́n ń jẹ ni mo bi yín, mi ò bi yín ní ohun tí ẹ fi ń kẹ́ wọn."

"Abúnijẹ ńkọ́? Kí ló dé tí Abúnijẹ ò kú?"

"Ṣé ẹ fún un rí?"

Baba wo ọwọ́ òsì rẹ̀. Àpá eyín wà ní ìka méjì. "Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ na ọwọ́ sí i ló gé mi jẹ," ni ó wí pẹ̀lú ohùn tó ti wọlẹ̀. "Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti sún mọ́ ọn mọ́. Torí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ tà á."

Ó jókòó lórí garawa tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Hóró inú ọwọ́ rẹ̀ ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan sórí bàtà rẹ̀. Ó sunkún bí ọmọdé, kò sì bo ojú.

"Adúmáadán kò tíì kú, Baba," ni Dókítà wí. "Bó bá sinmi, tí kò sì fẹnu kan èyí mọ́, ó ṣeé ṣe kó yè é. Ṣùgbọ́n ènìyàn kan wà ní àtìmọ́lé tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀."

Baba dìde. Ó fi apá kóòtù nu ojú. "Sájẹ́ǹtì," ni ó wí, "gbé mi lọ."

* * *

Ẹ̀gbọ́n Fẹ̀sọ̀ ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì, aṣọ tó lọ̀ ṣì wà lórí itan rẹ̀. Baba kọjá lára rẹ̀, ó dúró níwájú tábìlì, ó sì sọ ọ́ sókè débi pé gbogbo àgọ́ gbọ́ ọ.

"Ẹni tó pa àwọn ẹṣin mi ló dé yìí. Ẹ tú ọmọ yẹn sílẹ̀."

Wọ́n mú Fẹ̀sọ̀ jáde. Baba kò lè wò ó lójú. Ó ti to ẹ̀bẹ̀ sẹ́nu láti oko, ṣùgbọ́n Fẹ̀sọ̀ kò jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀.

"Baba, Adúmáadán ńkọ́? Ṣé ó ti mu omi?"

"Ó ti mu díẹ̀." Baba gbé ojú sókè. "O mọ̀ pé mo máa ń wọ ibẹ̀ láàárọ̀. Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Mo mọ̀ pé ẹ máa ń kí wọn. Mi ò mọ̀ pé ó léwu. Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á rò pé mo fẹ́ ti ọ̀rọ̀ náà sí yín lọ́rùn ni."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde. Ó kàn ju aṣọ ilé ẹjọ́ náà sórí bẹ́ǹṣì, ó di àbúrò rẹ̀ mú.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí gbogbo wọn padà sí ilé ẹṣin. Lẹ́nu ọ̀nà, Baba bọ́ kóòtù rẹ̀, ó yí àwọn àpò rẹ̀ síta, ó gbọ̀n wọ́n títí ìyókù hóró fi dà sínú ọ̀rá Dókítà. Kò tún un wọ̀. Ó wọlé pẹ̀lú ẹ̀wù lásán, ó sì dúró níwájú Adúmáadán bí ẹni tó jẹ̀bi níwájú adájọ́.

Ẹṣin náà na ọrùn. Ó wá àpò ọ̀tún, kò rí i. Ó wá àpò òsì, kò rí i. Baba ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ọwọ́ òfo ni, ó sì fẹ́ sá jáde.

"Fẹ̀sọ̀, Baba," ni ọmọkùnrin náà wí lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ fẹ̀sọ̀. Ẹ dúró díẹ̀ sí i."

Baba dúró. Adúmáadán mí sínú ọwọ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó gbé orí rẹ̀ tó wúwo lé èjìká àgbàlagbà náà, ó sì fi í síbẹ̀.